Bàálù Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Dárí Jini, Bàálù Adárà Ń Gbọ́ràn

Ẹni tó bá ti ń darí bàálù onírímóòtù fún oṣù mélòó kan, tí bàálù akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń gbéra tó sì ń balẹ̀ láìfarapa, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára àwọn ńláńlá mọ́. Á dúró sí pápá ẹgbẹ́ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà tàbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á máa wo àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń fi àwòkọ bàálù adárà Extra 300 tó fẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ ta òkìtì lójú ọ̀run, tí wọ́n tún dá a dúró lórí ìrù bí eégún onídán tó ń retí owó. Owó wà lọ́wọ́ òun náà. Ọjà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì kó páálí bàálù náà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ṣé kí ó wá ti orí àkàsọ̀ àkọ́kọ́ fò sórí èyí tó kẹ́yìn? Èrò tèmi ni pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ kọ́ ni ìdí tèmi. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá. Èmi ní ọwọ́ lè tètè yá. Ohun tí kò tíì ní ni ojú mẹkáníìkì, ojú tó lè wo bàálù lórí ilẹ̀ kó sì mọ̀ pé kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ṣe bàálù akẹ́kọ̀ọ́. Apá rẹ̀ wà lókè ara rẹ̀ bí òrùlé lórí ògiri, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì rọra gbé sókè díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í tó fi dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tó lọ sílẹ̀ á gba afẹ́fẹ́ ju ìkejì rẹ̀ lọ, á sì gbé ara rẹ̀ padà sókè. Abẹ́ apá náà tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè rẹ̀ ló wú. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó lè rìn jẹ́jẹ́ láìjá. Nítorí èyí ni olùkọ́ fi máa ń sọ fún ọmọ tuntun pé bí nǹkan bá ti dàrú mọ́ ọn lójú, kó jọ̀wọ́ ọ̀pá ìdarí. Bí bàálù bá ti ga tó, á tún ara rẹ̀ ṣe. Ìmọ̀ràn tó dára ni fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń gbin nǹkan kan síni lọ́kàn láìsọ ọ́ jáde: pé bí mo bá ṣì í, ẹ̀rọ á bá mi tún un ṣe. Bàálù yìí ń dárí jini. Ó ń dárí ji ọwọ́ tó le jù, ó ń dárí ji ìsopọ̀ tó dẹ̀ díẹ̀, ó ń dárí ji bátìrì tí wọn kò dè dáadáa. Ẹni tó ń darí rẹ̀ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé wọ́n dárí nǹkan kan ji òun.

Bàálù adárà kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ìkà ni kò jẹ́ kó ní in. Walter Extra, ará Jámánì tó ya Extra 300, ń wá bàálù tí kò ní èrò tirẹ̀. Apá rẹ̀ wà láàárín ara, ó nà tàrà, òkè àti abẹ́ apá náà sì jọra, kí bàálù lè fò ní ìdojúdé bó ṣe ń fò ní ìdúró. Ibi tí èèyàn bá kọ orí rẹ̀ sí ni yóò máa lọ títí àṣẹ mìíràn yóò fi dé. Àwọn tó ń ṣe àwòkọ rẹ̀ fún rímóòtù tẹ̀lé e, wọ́n sì tún fi ata sí i. Àwọn pátákó tó ń mì lẹ́yìn apá àti lẹ́yìn ìrù, èyí tí wọ́n ń pè ní aileron, elevator àti rudder, fẹ̀ gan-an lára rẹ̀. Fún eré tí wọ́n ń pè ní 3D, wọ́n lè jẹ́ kí pátákó wọ̀nyí tẹ̀ dé ìwọ̀n dígírì 45, nígbà tó jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ni ti bàálù akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tẹ̀. Ẹni tó bá jọ̀wọ́ ọ̀pá ìdarí nígbà tí irú bàálù yìí dojú dé, ìdojúdé náà ni yóò bá lọ títí yóò fi pàdé ilẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ràn kì í ṣa àṣẹ jẹ. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ó gbọ́. Bí ìwúwo rẹ̀ bá sún sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ nítorí pé ẹni tó tò ó gbé bátìrì síbi tí kò yẹ, ó gbọ́ ìyẹn náà, á sì máa ta bí ẹṣin tí kòkòrò ta ní ìdí.

Ẹ wá gbé ìwọ̀n lé e. Bàálù akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, kò sì ju kílò méjì sí méjì àbọ̀ lọ. Extra 300 gidi, èyí tí èèyàn ń jókòó sínú rẹ̀, fẹ̀ ní mítà 8. Àwòkọ rẹ̀ tó jẹ́ ìdá 40 nínú 100 á wá fẹ̀ ní mítà 3.2, á sì wọn tó kílò 18, èyí tó ju ìdámẹ́ta àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Ká ní ti kékeré ń sáré mítà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ti ńlá ń sáré mítà 30. Ìwúwo ti ńlá fi ìlọ́po méje lé díẹ̀ ju ti kékeré lọ, eré rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò agbára ìkọlù, ẹ̀ẹ̀mejì ni eré ń wọlé, ìlọ́po méjì sì di mẹ́rin. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní ìlọ́po 28. Ohun tí yóò fọ́ gíláàsì mọ́tò nígbà tó jẹ́ kékeré lè pa ẹni tó wà nínú mọ́tò náà nígbà tó bá di ńlá. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbé e lè jẹ́ 150cc sí 200cc, èyí tó ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń gbé èrò mẹ́ta n'Íbàdàn lọ. Abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80. Bó bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣónṣó rẹ̀ ń sáré tó 900 kílómítà ní wákàtí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ní ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Brooklyn, ìlú New York, abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà onírímóòtù pa ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 tó ń darí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Hẹlikópítà ni lóòótọ́, kì í ṣe bàálù adárà, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ kì í bi ẹran ara léèrè irú ẹ̀rọ tí òun ń bá ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, ìwúwo àti eré kọ́ ni olórí ẹ̀rí mi. Ohun tó wà nínú bàálù ńlá náà ni. Nínú bàálù akẹ́kọ̀ọ́, servo mẹ́rin péré, àwọn mọ́tò kéékèèké tó ń fa pátákó apá àti ti ìrù, ti tó gbogbo iṣẹ́. Nínú Extra ńlá, wọ́n lè tó mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí agbára ọ̀kan kò lè gbé pátákó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Servo méjì á wà lórí pátákó kan ṣoṣo. Bí wọn kò bá ṣe déédéé, tí ọ̀kan dé ibi tó ń lọ kí ìkejì tó dé, ńṣe ni wọ́n á máa fa ara wọn, bí ọkọ̀ tí ẹni méjì jọ di sitiarín rẹ̀ mú. Pátákó náà á dà bí ẹni pé kò lábùkù. Inú ni ooru wà: servo á máa gbóná, á máa mu iná bátìrì bí àgbẹ̀ tó ń mu omi lọ́sàn-án, títí iná á fi tán nígbà tí kílò 18 wà lókè. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ìgbọ̀nrìrì. Bí ìsopọ̀ láàárín servo àti pátákó bá dẹ̀ díẹ̀, bí ìdè ilẹ̀kùn tó ti yọ̀, tí bàálù wá sáré kọjá ìwọ̀n kan, afẹ́fẹ́ á gbá pátákó náà mú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Àwọn tó wà nílẹ̀ á gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí a bá ń fa aṣọ ya. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, pátákó lè já kúrò, ìrù lè tẹ̀lé e. Kò sí ọwọ́ tó yá tó láti fi ọ̀pá ìdarí tọ́jú ìrù tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù náà ní tirẹ̀. Ó ń gbọn bàálù láti ìgbà tí wọ́n bá ti ta á títí wọ́n á fi pa á, gbígbọ̀n yìí sì ń tú nọ́ọ̀tì, ó ń la gọ́ọ̀mù, ó ń họ ara wáyà. Iná tó ń tanná fún un gbọ́dọ̀ ní ìdádúró tirẹ̀ tí wọ́n lè fi rímóòtù pa láti ọ̀nà jíjìn. Rédíò rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa ṣe bí kò bá gbọ́ ìpè mọ́: kó pa ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe kó fi í sílẹ̀ lórí eré tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń gbé bátìrì méjì sínú ọ̀kan ṣoṣo, tí àwọn mìíràn ń gbé rísífà, ẹ̀rọ tó ń gba ìpè rímóòtù, méjì. Ẹ wo gbogbo èyí dáadáa: kò sí ọ̀kan tí ìka máa kọ́ lórí ọ̀pá ìdarí. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, pẹ̀lú sukuduráfà àti àkókò. Bàálù akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan wọ̀nyí, nítorí òun ti ń dárí ji gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Bóyá ẹlòmíì á ní iṣẹ́ ìjọba ni láti dá irú eléyìí dúró. Òfin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ darí bàálù onírímóòtù fún ìgbádùn gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní TRUST, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, kó sì forúkọ sílẹ̀ bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ju 250 gíráàmù lọ. Ọ̀fẹ́ ni ìdánwò náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, wọ́n sì ṣe é kí ẹnikẹ́ni má baà fìdí rẹmi: bí ìdáhùn kò bá tọ̀nà, wọ́n á fi èyí tó tọ̀nà hàn ọ́, wàá sì máa bá a lọ. Ìwé kan náà ni ẹni tó ń fi bàálù fóòmù ṣeré ń gbà àti ẹni tó gbé kílò 18 wá. Ẹgbẹ́ AMA, ti àwọn tó ń darí bàálù onírímóòtù níbẹ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Muncie, ìpínlẹ̀ Indiana, fi ààlà sí ìwọ̀n póùn 55, ìyẹn kílò 25, kó tó di pé ètò àkànṣe wọlé. Extra wa ṣì wà lábẹ́ ààlà yẹn fàlàlà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ BMFA ní ìwé ẹ̀rí A fún ẹni tó lè fò láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti B fún ẹni tó lè dárà: òkìtì, yíyípo, òòyì, gbogbo rẹ̀ lójú ayẹniwò. Ètò tó wuyì ni, mo sì fẹ́ kí àwọn mìíràn wò ó kọ́ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọwọ́ gbà ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀run ni púpọ̀ nínú rẹ̀ dá lé. Ní Nàìjíríà, láti 2016 ni àjọ NCAA tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sókè láìgba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò. Ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni wọ́n ń rò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì tó dẹ̀. Ibi tí òfin dákẹ́ sí, ẹgbẹ́ tó ni pápá ló kù kó sọ̀rọ̀.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti àwọn tó ní bàálù ńlá rọrùn-ún darí ju kékeré lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Afẹ́fẹ́ kì í gbá a kiri bó ṣe ń gbá ti fóòmù. Bí apá bá ṣe tóbi tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń rọra ṣàn lórí rẹ̀ tó. Ojú tún ń rí i dáadáa láti ọ̀nà jíjìn, èèyàn sì mọ ìgbà tó dojú dé. Ìdí kan nìyí tí àwọn tó ń díje ní Tournament of Champions, ìdíje tí William Bennett, onílé tẹ́tẹ́, ń náwó sí ní Las Vegas láti 1974 títí di 2002, fi ń gbé bàálù tó túbọ̀ ń tóbi wá bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí tí mítà mẹ́ta kò fi jẹ́ nǹkan ìyanu mọ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yẹn gan-an ni mo ń bẹ̀rù. Bàálù ńlá máa ń dà bí ẹni pé kò sáré nígbà tó bá ń sáré. Ó máa ń fò dáadáa pẹ̀lú àbùkù lára títí di ìṣẹ́jú tí àbùkù náà bá dé góńgó. Bó bá ṣòro darí ni, ẹ̀rù ì bá ba ọmọ tuntun, á sì ké sí àgbà. Nítorí pé ó rọrùn, á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá kọ́ mọ́tò lè jókòó sínú tírélà onísitiarín fífẹ̀, kó wà á tààrà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn láìsí wàhálà. Búrékì ni kò tíì mọ̀ bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn mìíràn á ní eré orí kọ̀ǹpútà ti wà, jáírò sì ti wà. Mi ò bá wọn jà lórí ti kọ̀ǹpútà. Bí bàálù bá dojú dé, ọ̀pá tó ń gbé imú sókè á máa rì í mọ́lẹ̀. Bó bá kọjú sí ẹni tó ń darí rẹ̀, ọ̀tún á di òsì. Ọpọlọ ní láti fi ìgbà ọgọ́rùn-ún ṣì í kó tó mọ̀ ọ́n, ó sì sàn kó ṣì í níbi tí kò sí igbá tó máa fọ́. Ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ọ̀tì kì í tú. Gọ́ọ̀mù kì í là, bátìrì kì í tán bí kò ṣe pé ẹni tó ń ṣeré bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti jáírò, ẹ̀rọ tó ń fi ara rẹ̀ tún bàálù ṣe kí ọwọ́ tó mọ̀, ó wúlò nínú afẹ́fẹ́ líle. Bí a bá wá gbé e sórí bàálù tí a kò tò dáadáa, aṣọ ni a fi bo egbò. Ó tún sọ bàálù adárà di bàálù akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, tó ń dárí jini, ṣùgbọ́n ní kílò 18.

Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́yìn èyí. Kí ni mo fẹ́ ra bàálù méjì ní àárín fún, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀kẹta ni mo fẹ́? Yorùbá ti dáhùn: bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà ni bàálù àárín ń tà, aṣọ kọ́. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni èyí tí apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ara, tí kò ní tún ara rẹ̀ ṣe mọ́, ṣùgbọ́n tí kì í bínú. Òun ló ń gba ìwà jíjọ̀wọ́ ọ̀pá kúrò lára èèyàn. Ìkejì, tí mo kà sí pàtàkì jù, ni àwòkọ Extra tàbí Edge, bàálù adárà mìíràn, tó ń lo ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù 30cc tàbí 35cc, tó fẹ̀ tó mítà méjì, tó sì wọn kílò márùn-ún sí mẹ́fà. Gbogbo ohun tó wà nínú ńlá ló wà nínú rẹ̀: bẹntiróòlù, ìdádúró iná, gbígbọ̀n, servo alágbára, pátákó fífẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ìdámẹ́ta ìwúwo ni, àṣìṣe kan kò sì ní gba owó ọdún kan. Rímóòtù tí èèyàn fi ń darí rẹ̀ náà ló máa bá a dé orí ti ńlá. Bó bá sì jẹ́ ìdíje ló ń wù ú, ẹgbẹ́ IMAC tó ń ṣètò ìdíje bàálù adárà pín àwọn olùdíje sí ìpele márùn-ún, láti Basic títí dé Unlimited, Basic kò sì fi dandan lé e pé bàálù gbọ́dọ̀ jẹ́ àwòkọ bàálù gidi. Àwọn tó ni eré náà gan-an kò béèrè mítà mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ó ku àwọn tó ní àgbààgbà ẹgbẹ́ kàn fẹ́ fi òfin dí ọ̀nà mọ́ ọmọ tuntun ni. Mi ò ní pè wọ́n ní onírọ́. Ní ibi gbogbo tí àgbà bá ti di ilẹ̀kùn mú, àwọn kan á máa ṣí i fún ọ̀rẹ́ nìkan. Nítorí náà, ìdánwò tí mo ń sọ kò gbọdọ̀ wà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kí ó wà lórí ìwé, kí ìwé náà wà lára ògiri. Kí ẹni tó gbé bàálù tó ju kílò mẹ́wàá lọ dé pápá fún ìgbà àkọ́kọ́ dúró tì í fún ogún ìṣẹ́jú, kí òun fúnra rẹ̀ máa fi han ẹlòmíì: ibi tí ìwúwo rẹ̀ dúró sí, bí servo méjì orí pátákó kan ṣe bá ara wọn mu, iye iná tó wà nínú bátìrì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń pa ẹ́ńjìnnì láti ọ̀nà jíjìn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ó bá pa rímóòtù lójijì nígbà tí wọ́n so bàálù mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́fà nínú ẹgbẹ́, kí ó máa fò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún, kí ó gbé e padà sínú mọ́tò.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ìwé ojú kan ti tó, ẹ kọ ọ́ kí ìgbà ooru tó wọlé. Ẹ̀yin tí owó bàálù ńlá sì ń yún yín lọ́wọ́ báyìí, ẹ ra oní-35cc, ẹ fi ìyókù pamọ́. Extra yẹn á ṣì wà lórí igbá lọ́dún tó ń bọ̀.